Òru Tó Ṣáájú Ọkọ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayẹyẹ àádọ́rin ọdún màmá wa jẹ́. Gbólóhùn náà kò gùn. Ojú ìwé òtẹ́ẹ̀lì kan ní Fort Lauderdale, ní ìpínlẹ̀ Florida, ni a ti kà á. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì náà ní bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́. Gbólóhùn kejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ní òtẹ́ẹ̀lì náà kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi ti ń gbéra. Àwa mẹ́ta ọmọ ìyá kan náà, tí a kàwé, tí ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí nínú wa dẹ̀ ń fi kóòdù kíkọ jẹun, a ka gbólóhùn méjèèjì, a sì so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan: bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ máa gbé wa lọ sídìí ọkọ̀. Kò sí ibi tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ sí. Àwa la kọ ọ́ sínú orí ara wa.

Ẹ lè bi wá pé kí ló pa lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ àti bọ́ọ̀sì òtẹ́ẹ̀lì pọ̀. Ìdáhùn wa ni pé ìrìnàjò orí ọkọ̀ ìgbafẹ́ jẹ́ ohun tí èèyàn máa ń kà fún oṣù mélòó kan kó tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìpolówó la kọ́kọ́ ń kà, lẹ́yìn náà àdéhùn, lẹ́yìn náà ímeèlì, lẹ́yìn náà tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwé ni gbogbo rẹ̀. Níbi tí ìwé bá sì wà, ó yẹ kí ẹni tó máa kà á dáadáa wà. Àwa ò kà á dáadáa. Nígbà tí a padà délé, a wá ohun tí àwọn òǹkọ̀wé gidi ti kọ lórí irú ìrìnàjò yìí, láti wò ó bóyá a máa rí ẹnì kan tó sọ ti òru tó ṣáájú ọkọ̀, àti ti ọ̀nà tó wà láàárín pápá ọkọ̀ òfurufú àti èbúté. Ohun tí a rí, àti ohun tí a ò rí, la fẹ́ bá yín sọ.

Àròkọ tí gbogbo èèyàn máa ń dárúkọ ni ti David Foster Wallace, ará Amẹ́ríkà. Ìwé ìròyìn Harper's ló rán an níṣẹ́. Oṣù kẹta ọdún 1995 ló wọ ọkọ̀ ní Fort Lauderdale. Harper's tẹ àròkọ náà jáde ní 1996 pẹ̀lú àkọlé "Shipping Out". Ní 1997, ó di àkọlé odindi ìwé àròkọ rẹ̀, A Supposedly Fun Thing I'll Never Do Again. Òru méje ló lò lórí omi Caribbean. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Zenith, ìyẹn òkè téńté. Wallace yí i padà sí Nadir, ìyẹn ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ ti mọ irú ẹni tí a ń bá pàdé nìyẹn.

Ẹ má rò pé a fẹ́ bú u. Àròkọ náà dára gan-an. Ó ní àkíyèsí ìsàlẹ̀ ìwé tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, àwọn míì nínú wọn sì dà bí àròkọ kékeré láàyè ara wọn. Ó sọ bí obìnrin tó ń tún yàrá rẹ̀ ṣe ṣe máa ń mọ ìgbà tó bá ti jáde fún ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Gbogbo ọgbọ́n tó dá láti mọ bí obìnrin náà ṣe ń mọ̀ já sí asán. Ó tún sọ òtítọ́ kan tó ká wa lára: pé bí wọ́n bá ṣe ń kẹ́ èèyàn tó, bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé tó wà nínú rẹ̀ á ṣe máa bèèrè sí i tó, tí kò sì ní yó láé. Ó sì bínú sí àròkọ kan tí òǹkọ̀wé ńlá kan kọ fún ìwé ìpolówó ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, torí pé ìpolówó ni, ó sì wọ aṣọ iṣẹ́ ọnà. Lójú tiwa, ibẹ̀ ló ti ṣe lámèyítọ́ jù: ó ní kí òǹkàwé bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló san owó ọ̀rọ̀ yìí, kí ló sì ń fẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe sí ilẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó dé èbúté, ó jókòó sínú gbọ̀ngàn ńlá kan pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èrò, wọ́n ń fi nọ́ńbà pè wọ́n. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó fi ojú ẹni tó wà lókè wo àwọn èrò náà: bí wọ́n ṣe sanra tó, bí wọ́n ṣe múra, bí wọ́n ṣe ń gbé kámẹ́rà. Kò sí òru òtẹ́ẹ̀lì nínú ìtàn rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ka owó lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Òun nìkan ló ń lọ, owó ìwé ìròyìn ló fi ń lọ. Bí ọkọ̀ bá fi Wallace sílẹ̀, ìtàn míì ló máa kọ, ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó dùn ju èyí lọ. Bí ọkọ̀ bá fi ìyá wa sílẹ̀, kò sí ìtàn kankan tó máa tù ú nínú.

Ibi tí lámèyítọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wallace àti ìwé ìpolówó tó ń bú, àṣìṣe kan náà ni wọ́n jọ ṣe: àwọn méjèèjì gbà pé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ni ìrìnàjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìpolówó ní adùn ló wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà yẹn. Wallace ní àìnírètí ló wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó bi wọ́n pé báwo lẹ ṣe débẹ̀.

Nínú iṣẹ́ wa, orúkọ kan wà tí a máa ń pe irú ìtàn bẹ́ẹ̀: happy path. Ìyẹn ni ọ̀nà tí ohun gbogbo ti lọ geerege. Ẹni tó ń lo ápù tẹ orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ, íntánẹ́ẹ̀tì ò já, báńkì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á kọ kóòdù fún ọ̀nà yẹn nìkan, á ní òun ti parí. Ọ̀gá rẹ̀ á wá bi í pé: bí báńkì ò bá dáhùn ńkọ́? Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìpolówó ọkọ̀ ìgbafẹ́ jẹ́ happy path láti orí títí dé ìdí. Ẹ ṣí èyíkéyìí. Ẹ máa rí òkun, àga ìnàyìn, ife ọtí tí wọ́n fi ọsàn há lẹ́nu. Ẹ ò ní rí àpótí ẹrù tó sọnù, ẹ ò sì ní rí ẹni tó dúró sí ẹ̀bá títì.

Ẹ jẹ́ ká ka ilẹ̀ yẹn gẹ́gẹ́ bí ìwé. Ní gúúsù Florida nìkan, pápá ọkọ̀ òfurufú ńlá méjì ló wà fún èbúté ńlá méjì, wọ́n sì ń jọra lẹ́nu ẹni tí kò mọ ibẹ̀. Láti pápá ọkọ̀ òfurufú Fort Lauderdale sí Port Everglades, nǹkan bí kìlómítà 3 ni. Láti pápá ọkọ̀ òfurufú Miami sí PortMiami, nǹkan bí kìlómítà 13. Àmọ́ bí ẹ bá balẹ̀ sí Fort Lauderdale torí pé tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ rọ̀ jù, tí ọkọ̀ yín sì wà ní Miami, nǹkan bí kìlómítà 45 ló wà láàárín, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ sì máa ń há gan-an ni. PortMiami fúnra rẹ̀ wà lórí erékùṣù. Afárá tàbí ihò ọ̀nà abẹ́ omi tí wọ́n ṣí ní 2014 lẹ máa gbà débẹ̀.

Ibòmíì tún burú jùyẹn lọ. Ẹ ka ìpolówó dáadáa, ẹ máa rí i pé wọ́n kọ "London" gàdàgbà, wọ́n wá kọ "Southampton" kékeré sínú àkámọ́. Southampton ju kìlómítà 100 lọ sí London. Wọ́n kọ "Róòmù", wọ́n sì fi "Civitavecchia" sínú àkámọ́. Ẹni tó bá ti sùn sí àárín Róòmù á tún wọ ọkọ̀ ojú irin tàbí bọ́ọ̀sì fún nǹkan bí kìlómítà 70. Wọ́n kọ "Orlando", Port Canaveral ló wà nínú àkámọ́, ó sì tó kìlómítà 70 sí pápá ọkọ̀ òfurufú Orlando. Ẹ ò rí nǹkan? Orúkọ tí wọ́n fi ń ta ọjà wà níta, ibi tí ẹ ń lọ gan-an wà nínú àkámọ́. Bí akéwì bá ṣe bẹ́ẹ̀ a máa ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Àwọn wọ̀nyí náà mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Àkókò náà wà nínú ìwé kékeré. Ìpolówó á ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ ń gbéra. Ẹni tó bá gbà á bẹ́ẹ̀ á rò pé òun lè dé ní aago mẹ́ta àbọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń sáré bá bọ́ọ̀sì ní Ọ̀jọ́ta. Rárá o. Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òfin ní kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti fi orúkọ gbogbo èrò ránṣẹ́ sí ìjọba, ó kéré tán, wákàtí kan kí ọkọ̀ tó gbéra. Torí náà wọ́n máa ń ti ìlẹ̀kùn ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn míì wákàtí kan àbọ̀. Bí ó bá ti kọjá, ó ti kọjá nìyẹn. Ẹ ò tún gbọ́dọ̀ rò pé ẹ lè sáré lọ pàdé rẹ̀ ní èbúté Amẹ́ríkà míì lọ́nà, kẹ́ ẹ wá padà bá a dé Miami. Òfin kan wà láti ọdún 1886 tó ní ọkọ̀ tó ń gbé àsíá orílẹ̀-èdè míì ò gbọ́dọ̀ gbé èrò láti èbúté Amẹ́ríkà kan lọ já a sí òmíì bẹ́ẹ̀. Àsíá Bahamas, Panama tàbí Malta ló sì wà lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà. Ìyẹn ni pé òfin tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lè pàdé yín nídìí takisí tó pẹ́ dé.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi máa ń lọ lọ́jọ́ kan ṣáájú, kí wọ́n sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. A rò pé a ti gbọ́n.

Ẹ gbọ́ ná. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, a kó ẹrù sílẹ̀: àpótí mẹ́fà, kúlà kan, àti báàgì tí màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé. Ọkọ̀ wa wà ní Miami. Àwa wà ní Fort Lauderdale. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ dé, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù, awakọ̀ náà fara balẹ̀ sọ fún wa pé pápá ọkọ̀ òfurufú nìkan lòun ń lọ. A ní wọ́n kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ká fi han òun. A ṣí fóònù. A kà á. A tún un kà. Òótọ́ ló wà níbẹ̀: bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ láti pápá ọkọ̀ òfurufú àti sí i. Gbólóhùn nípa èbúté dá dúró sí ìlà tiẹ̀, bí ẹni tí ò mọ èkejì rí. Èbúté Fort Lauderdale ló tiẹ̀ ń sọ, kì í ṣe ti Miami.

A pe ọkọ̀ láti orí ápù. Àkọ́kọ́ gbà, ó tún fagilé e. Èkejì dé, ó kéré, kò lè gba èèyàn mẹ́rin àti àpótí mẹ́fà. Ọjọ́ Sátidé ni, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń gbéra, owó sì ń gun òkè bí a ṣe ń wò ó. Màmá wa jókòó sórí àpótí kan ní ẹ̀bá títì, gèlè rẹ̀ ṣì dúró dáadáa. Ó bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ta ló ń bọ̀ wá mú wa?" Àwa mẹ́ta wo ara wa. Lẹ́yìn oṣù méje tí a ti ń palẹ̀mọ́, pẹ̀lú fáìlì tí a kó gbogbo rẹ̀ sí, tí a fi àwọ̀ oríṣiríṣi sàmì sí, kò sí ẹni tó lè dáhùn.

Aago kan ku ogún ìṣẹ́jú la tó rí ọkọ̀ ńlá. Aago méjì ku díẹ̀ la dé PortMiami. Wọn ò tíì ti ìlẹ̀kùn. Bí a ṣe dé náà nìyẹn.

Bí a bá jẹ́ olóòótọ́, ìwé òtẹ́ẹ̀lì yẹn ò parọ́. Ọgbọ́n tó lò ju irọ́ lọ: ó fi òótọ́ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó jẹ́ kí ojú kòkòrò wa so wọ́n pọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń ka ewì mọ ọgbọ́n yìí. Akéwì á fi àwòrán kan sí ẹ̀gbẹ́ òmíì, á jẹ́ kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ rí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí a bá ṣi ewì kà, kò sí ẹni tó máa jókòó sórí àpótí ní ẹ̀bá títì.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Nígbà tí a dé, a tún mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938, tí Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. A mọ̀ pé igbó kì í ṣe òkun, Òkè Láńgbòdó kì í dẹ̀ í ṣe Bahamas. Ohun tí a fẹ́ wò ni ọwọ́ tí Fágúnwà fi mú ìpalẹ̀mọ́. Ọba rán Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kò kàn dìde kó máa lọ. Fágúnwà fún un láyè láti kó ẹgbẹ́ jọ: Kákò oníkùmọ̀ ẹkùn, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ, àti àwọn yòókù. Ó sì jẹ́ ká mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ṣe. Ọ̀kan lágbára, ọ̀kan gbọ́n, ọ̀kan lóhùn orin, ọ̀kan gbọ́ èdè ẹranko. Lójú àwa tí a ń kọ kóòdù, èyí dùn mọ́ wa nínú. Bí ipá bá kùnà, ọgbọ́n wà. Bí ọgbọ́n bá kùnà, orin wà. Fágúnwà ò gbà pé ọ̀nà máa lọ geerege. Ó ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè ọ̀gá: bí èyí ò bá dáhùn ńkọ́?

Ó sì mọ̀ pé ìdágbére máa ń ná èèyàn ní nǹkan. Nígbà tí Kákò fẹ́ lọ, obìnrin tó fẹ́ fi ṣe aya dì mọ́ ọn, ó ní kò ní lọ. Kákò pa á, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Nígbà tí a wà ní ilé ìwé, a ka ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé akínkanjú ló ń ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, a kà á sókè fún màmá wa. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Kí ló dé tí kò mú un dání?" Àwa ò tíì rí lámèyítọ́ tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tó sì wọlé tó bẹ́ẹ̀. Fágúnwà fi ojú tó dára wo ẹnu ọ̀nà ju Wallace lọ. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí obìnrin nìkan san owó rẹ̀, ìtàn sì tẹ̀ síwájú kíákíá, bí ẹni pé ẹrù kan ló já sílẹ̀ lórí ọkọ̀. Nínú ìwé rẹ̀, ẹni tó ń lọ ló ní ìtàn. Nínú ti Wallace náà, ẹni tó ń lọ ni, òun nìkan. Àwa ń wá ìtàn àwọn tó jọ ń lọ.

Inú ilé wa la ti rí i, a ò sì mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà. Láti ìgbà tí a ti dé, gbogbo àlejò tó bá wá kí màmá ló ń bi í bí ọkọ̀ ṣe rí. A máa ń jókòó tì í, a ń retí kó sọ ti gbọ̀ngàn oúnjẹ, ti omi tó dúdú bí aró lóru, ti erékùṣù. Ohun tó máa ń sọ rèé, ó ti tó ìgbà mẹ́wàá tí a ti gbọ́ ọ, kì í sì í yí i padà:

"Ẹ wá wo àwọn ọmọ mi. Wọ́n gba yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì méjì. Èmi àti ọmọ mi obìnrin wà lórí ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n wọn wà lórí èkejì. Àbíkẹ́yìn tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ mi. Mo ní kí ló ń ṣe nílẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. Irọ́ ni! A jẹ ìrẹsì tí mo gbé láti ilé, a jẹ ẹja. Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù yẹn, wọ́n pa á. A ò sùn títí di aago méjì. Mo sọ fún wọn bí ìyá mi ṣe ń gbé wa sùn sí etí omi ní Ẹ̀pẹ́, ká tó lọ sí ọjà Èjìnrìn. Torí ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tó ń wé gèlè. Bí o bá sùn sílé, o máa bá omi nìkan. Etí omi là ń sùn, lórí ẹní, gbogbo obìnrin ọlọ́jà, ìtàn ni títí ilẹ̀ fi mọ́. Ilẹ̀ mọ́, a wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ náà tóbi o."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni gbogbo ohun tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ rí gbà. Ọjọ́ mẹ́rin lórí omi, gbólóhùn kan. Ẹ̀bá títì, bọ́ọ̀sì, owó tó ń gòkè, kò sí ìkankan nínú ìtàn rẹ̀. Ìgbà kan tí a rán an létí, ó ní: "Ẹ̀yin lẹ̀rù ń bà. Èmi mo ti sùn sí etí omi."

Ohun kan wà tí kì í fi kún un, tí àwa máa fi kún un níbí. Ìgbà ìkẹyìn tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sùn sínú ilé kan náà ṣáájú òru yẹn, òru ìsìnkú bàbá wa ni. Ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín. Ọ̀kan nínú wa wà ní Maryland, ọ̀kan ní Houston, ọ̀kan ní Èkó, màmá sì wà láàárín fóònù mẹ́ta. Nígbà tí a ń ṣètò owó ìrìnàjò náà, òru òtẹ́ẹ̀lì yẹn la fẹ́ yọ kúrò láti dín owó kù. A kọ "kò pọn dandan" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú fáìlì wa. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Torí náà, ìdájọ́ wa rèé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí adùn ṣe lè di ìnira, ẹ ka Wallace, ó tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń kà á, ẹ máa bi í pé ta ló wà pẹ̀lú rẹ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń múra ọ̀nà, ẹ ka Fágúnwà, kẹ́ ẹ sì dúró pẹ́ níbi tó ti sáré kọjá. Ní ti ìwé ìpolówó àti ojú ìwé òtẹ́ẹ̀lì, ẹ kà á bí ẹ ṣe máa ka ewì tí ẹ ò fọkàn tán: ìlà kọ̀ọ̀kan láàyè ara rẹ̀, àkámọ́ kọ́kọ́, kí ẹ má sì so ohunkóhun pọ̀ fún wọn. Ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì lórí fóònù, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè màmá wa: ta ló ń bọ̀ wá mú wa, láago mélòó, lọ sí èbúté wo? Bí wọn ò bá lè dáhùn, ẹ wá ọkọ̀ tiyín sílẹ̀ láti alẹ́ àná.

Ìtàn tó dára jù nínú gbogbo èyí tí a kà, a ò rí i nínú ìwé. Àwọn obìnrin tó ń sùn sí etí omi ní Ẹ̀pẹ́ ti mọ ohun tí gbogbo ìwé yìí fò: pé ẹni tó bá fẹ́ bá ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sùn níbi tí ọkọ̀ wà, pé òru yẹn dẹ̀ ni ìrìnàjò fúnra rẹ̀. Ta ló ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú yín? Ìyá ta ló ṣì wà láyé tó lè sọ ọ́? Ẹ gbé fóònù yín, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Tiwa la ti bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì ló wà níbẹ̀ báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a bi màmá bóyá ó tún máa fẹ́ lọ. Ó ní òun ò kọ̀ ọ́. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, kí a lọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. A ní ṣé nítorí kí ọkọ̀ má bàa fi wá sílẹ̀ ni. Ó wò wá bí ẹni tí kò mọ ohun tí a ń sọ.